Kí ẹ tó san owó ìnṣọ́ránsì oko lórí fóònù, ẹ yẹ ibi tí wọ́n fi oko yín sí wò

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì yìí. O ní màmá rẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí omi ní apá Alápẹ̀rẹ̀ ní Èkó, pé omi gbé ṣọkọ wọn lọ lọ́dún tó kọjá, àti pé aṣojú kan ti wá bá ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n máa sanwó fún àtẹ̀jíṣẹ́ ojú ọjọ́ àti ìnṣọ́ránsì oko lórí fóònù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ gba owó náà, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n san án, àti irú fóònù tí o lè rà fún wọn. Ní apá Kétu ni èmi náà ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ugu, odò kan náà ló sì ń dà wá láàmú. Mo ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwa obìnrin 19 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa san ₦3,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán gangan ni aṣojú ilé iṣẹ́ náà dé, ilẹ̀ oko wa sì rọ̀ nítorí pé òjò ti rọ̀ ní òru. Kò wọ inú oko rárá. Abẹ́ agbòòrùn ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì ló dúró sí, ó ní kí a máa wá dárúkọ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ò ní í wá wo oko náà ni?" Ó dáhùn pé fóònù ti mọ ibi tí a wà, pé sátẹ́láìtì ni yóò máa ṣọ́ oko wa láti òkè. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo sì tún rọ àwọn ìyá tó kù pé kí wọ́n sanwó. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù títí di òní.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni omi dé. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí omi fi ojú Nàìjíríà rí ní 2022, ó lé ní 600 ènìyàn tó bá a lọ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọ̀dọ̀ wa, òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò pọ̀ rárá, mo sì fi ọkàn balẹ̀ sùn. Ìdájí ni ìyá kan tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ wa jọ pààlà pè mí pé omi ti wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀, orí àwọn igi tí mo fi gbé ugu dúró nìkan ló yọ sókè, àpò ìgbẹ́ adìẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń léfòó kiri, ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi sì ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ń wo ewédú mi nínú omi pupa náà, gbogbo rẹ̀ dojú kọ apá kan ṣoṣo bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi fi dúró. Nígbà tó fà, tẹ̀tẹ̀ tí kò bá a lọ ṣì wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n bí mo ti fa ọ̀kan tu báyìí, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó sì ń rùn. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ náà ń mí, bí omi bá bò ó pẹ́, ó ti kú nìyẹn.

A ya àwòrán, a fi ránṣẹ́, a sì dúró. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra mi. Ìgbà mẹ́rin ni mo gun àtẹ̀gùn ilé náà, ìgbà mẹ́ta nínú rẹ̀ ni wọ́n ní ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà kẹrin, ọmọbìnrin kan ṣàánú mi, ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Àmì pupa kan ṣoṣo ni mo rí lórí máàpù, ojú ọ̀nà márosẹ̀ ló sì wà. Orúkọ àwa 19 ló wà lórí àmì kan yẹn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ṣe fi hàn, àárín títì ni gbogbo wa ti ń gbin ẹ̀fọ́.

Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí o fi etí sí dáadáa. Nọ́ńbà méjì ni fóònù fi ń sọ ibi tí ènìyàn wà, ọ̀kan fún àríwá, ọ̀kan fún ìlà-oòrùn. Ní agbègbè wa, àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, èkejì pẹ̀lú 3, lẹ́yìn náà ni pọ́ìǹtì, lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ńbà tó kù. Aṣojú wa kọ nọ́ńbà méjì péré sílẹ̀ lẹ́yìn pọ́ìǹtì, ó gé ìyókù dànù. Bí ó bá jẹ́ méjì ló kù, ìṣísẹ̀ kan lórí nọ́ńbà ìkẹyìn lé ní kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ìṣísẹ̀ náà tó nǹkan bí mítà 110, bí ó bá sì jẹ́ mẹ́rin, ó tó nǹkan bí mítà 11, èyí tí kò ju bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mélòó kan lọ. Kí wọ́n kọ márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀, torí pé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń gbé e jáde.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ṣàlàyé èyí tó burú jù. Wọ́n ní bí àmì náà bá tiẹ̀ bọ́ sí àárín oko wa gan-an, kò sí owó tí a máa gbà, nítorí òjò tó bá rọ̀ sórí oko wa ni ìwé náà ń wọ̀n, kì í ṣe omi tó bá gba odò wá. Àsìkò yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú ìnṣọ́ránsì yìí kì í wo ohun tó bàjẹ́. Iye òjò ló ń wò, bí òjò bá dín sí iye kan tàbí tó ju iye kan lọ, ó san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò san, kódà kí oko di odò. Sátẹ́láìtì náà kì í sì í rí òjò gan-an. Bí orí ìkùukùu ṣe tutù tó ló ń wò láti òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò òjò tó ṣeé ṣe kó rọ̀. Irú èyí tí wọ́n lò fún wa ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 5, ó sì ń ka gbogbo ilẹ̀ inú igun mẹ́rin kan sí oko kan ṣoṣo. Ìwọ náà ti rí i rí kí òjò lu Mile 12 pa, kí ilẹ̀ Ògùdù sì gbẹ táútáú. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Inú bí mi sí àwọn ọ̀mọ̀wé tó pè wá sí ìpàdé ní Erékùṣù Èkó ṣáájú kí a tó sanwó. Wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn wá lára ògiri, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé tí a fọwọ́ sí náà sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé 11. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan tó béèrè ibi tí omi tó ń bà wá lẹ́rù ti ń wá. Bí wọ́n bá bi ẹni tó kéré jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa, yóò sọ fún wọn pé láti òkè odò ni. Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú odò Ògùn, ìsédò, ìyẹn dáàmù, wà lórí Ọ̀yán láti ọdún 1983, bí omi ìsédò náà bá sì kún, wọ́n ní láti tú u sílẹ̀, ọ̀nà Ìṣẹrí àti ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbà lọ sí ọ̀sà. Nítorí náà, òjò tó rọ̀ ní apá Abẹ́òkúta àti òkè rẹ̀ kàn wá ju òjò orí oko wa lọ.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ ojú ọjọ́, èmi kò ní í sanwó fún un ná. NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n máa ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, NIHSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò àti omi, náà sì máa ń sọ ti omíyalé. Láti oṣù kẹsàn-án lọ, ìkìlọ̀ nípa odò Ògùn ni kí o máa wá kiri fún màmá rẹ. Bí fóònù bá sọ pé òjò jẹ́ 60 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó bá rí bẹ́ẹ̀, mẹ́fà ni òjò máa ń rọ̀. Kì í ṣe ìlérí. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ohùn tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìsí ọjọ́ lórí rẹ̀. Ohùn ọdún méjì sẹ́yìn ló mú kí ẹnì kan nínú wa fa gbogbo ṣọkọ rẹ̀ tí kò tíì gbó, omi kò sì wá. Kí wọ́n má sì fún aṣojú kankan ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì wọn, ohun yòówù kó sọ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo gbé ike kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ sí ìta gbangba, níbi tí igi kò ti bò ó. Ní àràárọ̀ ni mo ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń da omi rẹ̀ nù. Ìdí ike náà gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni yóò máa pa. Láti oṣù kẹsàn-án, tẹ̀tẹ̀ nìkan ni mo ń gbìn sí ìsàlẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti tó fà. Apá òkè ni ugu ń gbé. Èyí ti gbà mí ju áàpù kankan lọ.

Ní ti fóònù tí o fẹ́ rà fún wọn, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ ti tó.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bá màmá rẹ lọ sí oko. Ẹ dúró sí àárín bẹ́ẹ̀dì wọn, ṣí máàpù Google, fi ìka tẹ ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀ títí àwọn nọ́ńbà náà yóò fi jáde, kí o sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìgé ọ̀kan. Ní Sátidé, kí aṣojú náà bá wọn wọ inú oko, kí ó ka nọ́ńbà tirẹ̀ sókè fún yín, kí ó sì fi Yorùbá sọ bóyá omi tó bá gba odò wá wà nínú ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí. Bí kò bá fẹ́ tẹ ẹrẹ̀, kí màmá rẹ fi owó náà ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀.