Kí ni atenolol ń ṣe sí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Ìyá mi ní Abẹ́òkúta ń lo atenolol 50 mg fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọwọ́ wọn ń tutù, ó sì ń rẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá ń gun òkè lọ sílé nídìí Olúmọ. Ṣé oògùn náà ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Adrenaline, èròjà kan tí ara ń ṣe, ló ń sọ fún ọkàn pé kó sáré. Atenolol ń dí ojú ibi tó ti ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, àmọ́ kò ní lè yára tó bó ṣe yẹ lórí òkè. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ìka ọwọ́ náà dín kù, ló fi ń tutù. Ti propranolol, oògùn mìíràn tó jọ atenolol, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ (oní-ásímà ò gbọdọ̀ dán an wò).

Ẹ fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ wọn, ní ìhà àtàǹpàkò, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá pé 50, tàbí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà rí wọn lọ́jọ́ náà.

Oògùn lè tán ní kẹ́míìsì Kútọ̀. Ẹ tètè ra atenolol sílẹ̀ kí ti ọwọ́ wọn tó tán. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, ọkàn á ta kìjí, ó sì lè fa àyà dídùn tàbí ìkọlù ọkàn. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.