Ṣé kí n sanwó fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Àdùkẹ́ ọmọ mi wà ní 200 level, ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, owó sì ti ń wọ́n mi. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní òun máa bá a gba sikọ́láṣíìpù, kí n fi ₦15,000 ránṣẹ́ fún fọ́ọ̀mù. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?
— Ìyá Àdùkẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú àfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fún ọmọ yín lówó kì í kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ yín. Tó bá lọ ń béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín, jìbìtì pátápátá ni.

Àsìkò Àdùkẹ́ gan-an la wà yìí. Sikọ́láṣíìpù Agbami, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ epo, máa ń wá ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣègùn tí kò tíì kọjá ọdún kejì. Ti MTN Foundation ń wá ọmọ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti dé 300 level, tí CGPA rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ máàkì rẹ̀ ní yunifásítì, kò dín ní 3.5. Bó ṣe ń du ti àkọ́kọ́, kó ti máa tọ́jú máàkì rẹ̀ de èkejì. Orí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà gan-an ni kó lọ, kì í ṣe líǹkì tí wọ́n ń pín kiri. Kó sì béèrè bọ́sárì, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, lọ́dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ti bá ọmọ tó mọ̀wé dáadáa to ìwé rẹ̀ rí, orúkọ ló fẹ́ dá a dúró. Èsì WAEC ní Oluwaseun Mary. NIN ní Seun, torí pé orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Báńkì ní Mary nìkan. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ́ ìwé Àdùkẹ́ sórí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí, WAEC, lẹ́tà JAMB, NIN, ìwé báńkì. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ tètè lọ tún un ṣe, torí pé ìbúra kóòtù àti àtúnṣe NIN máa ń gba àkókò, fọ́ọ̀mù kì í sì í dúró deni. Ẹ gba ìwé ọmọ onílùú ní káńsù Ìṣẹ́yìn pẹ̀lú.

Tí owó iléèwé bá ti ká yín mọ́, NELFUND wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Wọ́n á san án tààrà fún yunifásítì, kò sì ní èlé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni o: ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tó bá ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ kà á fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.