Má tíì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ilé kíkọ́ tà

Àbúrò mi ará Kétu ní Benin, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní iṣẹ́ olùkọ́ ti sú ọ, mílíọ̀nù 8 sẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ látinú àjọ àti ogún bàbá rẹ, o sì fẹ́ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí wá máa ra ilẹ̀, kí o máa kọ́lé tà. O ní kí ẹni tó ti ṣe é rí sọ òótọ́ fún ọ. Láti 2016 ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé àwọn ẹlòmíì ni mo ń fa wáyà sí, tí mo bá wo onílé, mo máa ń bi ara mi pé kí ló mọ̀ tí èmi ò mọ̀. Bí mo ṣe ra ilẹ̀ méjì lọ́nà Àjàrá, ìlú tó wà nítòsí Àjàṣẹ́, nìyẹn. Démarcheur kan, ìyẹn alágbàtà ilẹ̀, mú mi lọ bá bàbá àgbàlagbà kan, a da ọtí sílẹ̀, bàbá tẹ̀ka, a gbé convention, ìyẹn ìwé àdéhùn títa ilẹ̀, lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ní ó parí. Bíríkì ti dé ojú fèrèsé nígbà tí ọmọ àbúrò bàbá yìí méjì dé láti Abidjan: ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn ò mọ̀ sí i. Òǹtẹ̀ tí mo gbójú lé yẹn, gbogbo ohun tó jẹ́rìí sí ni pé èmi àti bàbá jọ tọwọ́ bọ̀wé. Kò jẹ́rìí sí i pé òun nìkan ló ni ilẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni a fi ń lọ tí a ń bọ̀, mo sì tún san ìdajì owó ilẹ̀ náà kí wọ́n tó jẹ́ kí n gbé bíríkì lé bíríkì. Démarcheur ńkọ́? Ó ti gba tiẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́.

Ilẹ̀ kejì ò ní ìjà nínú, àmọ́ wọn ò tíì ṣe lotissement ládùúgbò yẹn, ìyẹn kí wọ́n wọn ilẹ̀, kí wọ́n là á lọ́nà, kí wọ́n sì pín in. Ìgbà tí àwọn géomètre tó ń wọn ilẹ̀ dé, ojú ọ̀nà jẹ nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀tàn ṣe é fún mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: gbogbo ilẹ̀ ló ń yọ̀ǹda díẹ̀ fún ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́, ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ibòmíì ni wọ́n máa gbé e lọ.

Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 2013 ti jáde, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó ń sọni di onílẹ̀. ANDF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló ń fúnni. Ilẹ̀ tó bá ti ní in, ọ̀dọ̀ notaire, amòfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn, ni wọ́n ti ń tà á. Ó wọ́n, mílíọ̀nù 8 rẹ á yára yọ́ lórí ẹ̀. Àmọ́ tí o bá gbé convention lásán lọ sí báǹkì pé kí wọ́n yá ọ lówó, titre foncier náà ni wọ́n máa bi ọ́.

Èyí tó dùn mí jù wá. Mo parí ilé Àjàrá ní oṣù keje 2019. Àwọn tó ti ṣèlérí pé àwọn á gbé ibẹ̀, oníṣòwò tó ń ná Ìgòlò lẹ́nubodè Nàìjíríà ni wọ́n. Oṣù kẹjọ, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ilé ṣófo fún oṣù méje. Gbèsè símẹ́ǹtì àti irin wà lọ́rùn mi. Tí o bá sì ń rò ó pé wàá gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé láti fi san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, òfin ilé yíyá 2018 ò gbà ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo bá gbé pílásì mi, mo padà sídìí wáyà. Wáyà ló bọ́ ọmọ mi lọ́dún yẹn, kì í ṣe ilé.

Ìdí tí mo fi ní kí o di owó oṣù rẹ mú nìyẹn. Tìtorí ìdúró ni. Owó tí o bá sin sínú ilẹ̀ kì í jáde lọ́jọ́ tí o bá fẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò rẹ, Kétu ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, o mọ ẹni tó bí ẹni, o mọ ẹbí tí wọ́n ń bára wọn jà, ìyá rẹ lè sọ fún ọ ta ni kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, àlejò ni ọ́. Ilẹ̀ kan péré, yàrá méjì, kí owó olùkọ́ máa ra bíríkì díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò yá, mo mọ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, a ò bá ti kọ́ mẹ́ta.

Ilẹ̀ Tokpota ní Àjàṣẹ́ níbí tí o ní wọ́n mú ọ lọ wò, ya fọ́tò ìwé ẹ̀ fún mi, kí o fi nǹkan bo orúkọ àwọn èèyàn. Ka iye ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìka ẹnì kan ṣoṣo ni o rí, má tíì san owó ìdílẹ̀mú kankan.