Oúnjẹ ọmọ kọ́kọ́, àlejò tẹ̀lé e

Ìyá Ìjọ, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ bèèrè bí ìyàwó pásítọ̀ tó ń tọ́mọ nílé ṣe lè máa gba àlejò ìjọ tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀.

Níbí ní Òmù-Àrán, oúnjẹ ọmọ ni mo ń kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀. Àlejò á jẹ èyí tó kù. Ẹ̀kọ àti àkàrà kì í ṣe ìwọ̀sí fún ẹnikẹ́ni, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri náà sì ń gbani: ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ dà á sọ́bẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ìkòkò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Pásítọ̀ fúnra wọn ni kí wọ́n kéde àkókò ìbẹ̀wò lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, àwọn ará ìjọ á ní ẹ ò lójú àánú. Ẹni tó ń rọbí tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò nílò àkókò o, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ní a kàn jókòó sílé. Iṣẹ́ ni ọmọ títọ́! Ẹ bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ obìnrin kí wọ́n máa bá yín gbọ́mọ nígbà ìpàdé Ọjọ́rú. Wọ́n á gbà.