Ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin sí ilẹ̀ bàbá: ibi tí ẹjọ́ yín ti máa bẹ̀rẹ̀ kó tó dé Geneva

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ̀jú. Ó dùn mí gan-an pé àwọn ẹ̀gbọ́n yín pín ilẹ̀ bàbá láàárín ara wọn, tí wọ́n ní obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò nípìn-ín níbẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ àṣà. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀. Ẹjọ́ Ukeje, tó jẹ́ ti ìdílé Ìgbò, náà wà: ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní àṣà tó bá fi ogún du ọmọbìnrin tako ìwé òfin Nàìjíríà.

Ẹ bèèrè bóyá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) lè bá yín dá sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìjọba ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Nàìjíríà ti wọ CEDAW, àdéhùn UN tó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ du obìnrin, láti 1985. Ní 2004 ó gbà kí ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Geneva. Àwọn ìgbìmọ̀ ọ̀hún á kọ́kọ́ bi yín pé kí ni kóòtù ilé sọ.

Nítorí náà, ẹ ṣe ìwé àṣẹ aṣojú lọ́dọ̀ nótárì níbi tí ẹ wà, kí lọ́yà yín pe ẹjọ́ ní Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà. Gbogbo ìwé ẹ̀sùn tí ẹ fún ọlọ́pàá, gbogbo ìgbà tí kóòtù bá sún ẹjọ́ síwájú, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì yẹ déètì ibẹ̀ wò dáadáa. Ní Tàǹsáníà, kóòtù da ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn opó méjì kan nù nítorí àṣìṣe déètì lásán, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin! Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìgbìmọ̀ CEDAW, ó sì dá wọn láre ní 2015.

Kóòtù ECOWAS ní Àbújá kò ní kí ẹ kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé. Bí ọlọ́pàá tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ bá kọ̀ láti dáàbò bò yín, ibẹ̀ ni èmi yóò gbà yín níyànjú láti lọ. Ẹ fi àdéhùn Maputo, ti ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, tì í lẹ́yìn, nítorí ó sọ kedere pé ọkùnrin àti obìnrin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jogún òbí wọn ní ìpín tó bá ìdọ́gba mu. Àmọ́ ẹ má gbé ẹjọ́ kan náà lọ sí Geneva àti Àbújá pọ̀, wọn ò ní gbà á. Ti Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Áfíríkà tó wà ní Arusha, ní Tàǹsáníà, ẹ má dààmú lọ síbẹ̀: Nàìjíríà kò tíì gbà kí ará ìlú pe òun lẹ́jọ́ ní kóòtù yẹn.

Bí wọ́n bá ti ń wá oníbàárà fún ilẹ̀ náà, kí lọ́yà kọ́kọ́ gba àṣẹ kóòtù tí yóò dá títà dúró, ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an.