Etí ọmọ mi nà síta, ṣé kí n gbà kí wọ́n ṣe é?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Manchester la wà. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 7, etí rẹ̀ méjèèjì sì nà síta láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ní sùkúù, etí yẹn ni wọ́n máa ń fà. Ó ti ní kí n má gé irun òun mọ́. Bàbá rẹ̀ ní etí bàbá òun ni, ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti ṣe é fún ọmọ tirẹ̀ ni mo fẹ́ bi: ṣé kí á ṣe é àbí kí á má ṣe é?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ṣe é fún ọmọ mi ní London níbí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8. Ó ti pé 13 báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábàá sanwó rẹ̀, torí iṣẹ́ ẹwà ni wọ́n kà á sí. Etí tó nà síta kì í dí ìgbọ́ràn lọ́wọ́. Àpò wa la fi ṣe é. Ó lé ní £3,000, owó tí a ti ń tọ́jú láti fi kó àwọn ọmọ lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì. Wọn kì í sábàá ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, torí eegun rírọ̀ inú etí rẹ̀ kò tíì le tó. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun, wọ́n á la ẹ̀yìn etí, wọ́n á tún eegun rírọ̀ yẹn ṣe, wọ́n á sì rán an kó lè sún mọ́ orí. Wọ́n fi báńdéèjì wé orí ọmọ tèmi yípo fún ọ̀sẹ̀ kan. Alaalẹ́ ni mo ń jókòó tì í, tí mò ń fọwọ́ di orí rẹ̀ mú kó má baà fi ẹ̀gbẹ́ sùn.

Bí ọmọ bá ṣì wà ní jòjòló, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n lè fi nǹkan kékeré tẹ etí rẹ̀ sípò láìla á rárá. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Màmá, ìyá ọkọ mi, tí ì bá wá wẹ ọmọ náà tí ì bá sì tètè rí etí rẹ̀, wọn kò fún wọn ní físà.

Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ni orúkọ kan. Erin ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀, mo bá a tó fi sẹ́lótéèpù lẹ etí méjèèjì mọ́ orí. Bí mo ṣe ń yọ ọ́, irun ń bá a jáde, ọmọ náà kò sì sunkún. Àìsunkún yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Bẹ́ẹ̀, Erin ni orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Màmá ti ń kì í ní Àjàní Erin lórí fóònù. Èmi kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un rí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, bàbá rẹ̀ ń wa mọ́tò. Bí a bá pàdé nílé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń yá lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ á kọ́ ọ. Kí ó wá ṣe ọ̀sẹ̀ kan nínú bàtà iṣẹ́ mi ná. Yorùbá tí ọmọ náà gbọ́ kò ju orúkọ ẹranko tó wà lára káàdì tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀: A, ajá, E, erin.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ara rẹ̀ yá gágá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n pe Màmá lórí fídíò. Etí pọ́n, ó wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ orí. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ fún Màmá; mo ti ní ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá kì í bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: "Àjàní! Àjàní Erin! Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Mo rí ojú ọmọ mi. Nínú gbogbo ohun tí Màmá sọ, erin nìkan ló yé e. Ó rọra fi fóònù lélẹ̀, ó sì gun òkè lọ. Àjà ilé wa ni Màmá ń wò, wọ́n ń pe, "Àjàní? Kí ni mo ṣe?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé pé oríkì ni, pé erin kì í ṣe èébú lọ́dọ̀ wa, pé ìyìn ni. Ó ní, "Bó bá dáa, kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú mi lọ ṣe é?"

N kò tíì rí èsì rẹ̀ títí dòní. Bí Màmá bá pè, á kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, á ní òun ní iṣẹ́ sùkúù láti ṣe. Wọ́n ti dẹ́kun kíkì í. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ ni wọ́n ń pè báyìí.

Ṣé mo kábàámọ̀ iṣẹ́ abẹ náà? Rárá. Ó ń gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń lọ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti sọ sẹ́lótéèpù nù. Kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà bò mí lójú lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àpá ńkọ́? Ẹ mọ bí awọ wa ṣe máa ń hu àpá tó wú, ẹ ti rí i létí àwọn tó lu etí. Lóṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀yìn etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó wá ga sókè bíi hóró àgbàdo. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní tí a bá kàn gé e, ó lè padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti rọ̀, kò tíì tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní irú rẹ̀ létí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i nígbà tí mo wà nílé wọn, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí dókítà ń bi mí nípa ẹbí.

Ẹ má bá bàbá rẹ̀ jà lórí etí bàbá rẹ̀. Ẹ ní kó mú fọ́tò bàbá náà jáde, kó jókòó ti ọmọ, kó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún un. Bí ọmọ bá ṣì ní òun fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ ṣe é. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi bàbá rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni nílé wọn ní àpá tó wú, kí ẹ bi àwọn ará ilé tiyín náà. Ẹ bi wọ́n lónìí.