Áńpù mélòó ni mọ́tọ̀ HP 1 tó ń yí ẹ̀rọ ata ń fà?

Mọ́tọ̀ HP 1 tó ń lo iná fóòtì 230 máa ń fa nǹkan bí áńpù 6 tí ata bá kún inú ẹ̀rọ dáadáa.

HP 1 jẹ́ wáàtì 746, ṣùgbọ́n agbára tó ń yí bẹ́líìtì nìyẹn. Iná tó ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí apá kan rẹ̀ ń di ooru. Ẹ sọ 230 di ìlọ́po 0.8 (ìyẹn power factor, ìpín iná tó ń wọlé tí mọ́tọ̀ ń lò ní tòótọ́, èyí tí wọ́n kọ bíi cos φ), kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.7, ìyẹn ìpín iná tó ń di iṣẹ́. Ó di 128.8. 746 ÷ 128.8 = 5.8. Bí wọ́n bá ti kọ áńpù sára irin pẹlẹbẹ tó wà lára mọ́tọ̀ náà, iye yẹn ni kí ẹ lò. Ó sàn ju ìṣirò lọ.

Nígbà tí mọ́tọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ó lè fà tó ìlọ́po 5 sí 7 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìdí nìyí tí gílóòbù ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣẹ́jú bí alọta bá tan ẹ̀rọ ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Iná tí kò lágbára tún burú jù: bí 230 bá já sí 180 tí ata ṣì wà nínú ẹ̀rọ, áńpù á lọ sókè, wáyà inú mọ́tọ̀ á gbóná, ó sì lè jó.

Mọ́tọ̀ oníbátìrì kò ní cos φ. Ti oní-fésì mẹ́ta, fóòtì 400 ni ẹ ó lò, ẹ ó sì tún fi 1.73 pín èsì.